Ẹ wá wo ìdí kóńgò mi

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà arákùnrin tó kọ̀wé sí yín láti Mọ́níyà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní onígbàgbọ́ ayé òní kò mọ ìrúbọ kankan ju kó gbé àpò owó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló wò, kò dé ọjà.

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Bódìjà, ó ti lé lógún ọdún. Ẹni tó bá ń ná ọjà wa á mọ kóńgò tí wọ́n gún nídìí. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí agolo náà wọnú. Bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ga lójú, àmọ́ ẹ̀wà tó ń gbà ti dín. Èmi náà lo irú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, mo sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka Òwe 11:1, pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, àfi bíi pé wọ́n dárúkọ mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ra kóńgò tuntun.

Kò rọrùn o. Mo ní láti fowó lé ọjà kí n tó lè rí èrè, làwọn oníbàárà bá ń kọjá lára mi. Àwọn tí a jọ ń tajà ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún wọn. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò dá mi lóhùn fún odindi oṣù mẹ́ta, èyí sì dùn mí ju owó lọ, torí òun ló gbé àpò ẹ̀wà àkọ́kọ́ fún mi láwìn.

Bẹ́ẹ̀, èyí tó wúwo jù kò sí lọ́jà. Nígbà tí àkọ́bí mi jáde ilé ìwé, iṣẹ́ ìjọba kan yọjú, wọ́n ní ká mówó wá kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọlé. Owó náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní n kò ní san án. Ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ lónìí, tèmi ń gun ọ̀kadà láti Ṣáṣá sí Òjòó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ gba Jésù, èmi ni mò ń san owó ẹ̀." N kò rí èsì fún un. N kò tíì rí i títí dòní.

Mi ò gbọ́ kí wọ́n wàásù nípa èyí rí, pé ẹni tó bá rúbọ, ará ilé rẹ̀ ń bá a rú u láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Ní Kúdẹtì wa níbí n'Ìbàdàn, tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, ti wá ṣiṣẹ́ ní 1853, ogun Ìjàyè tó bẹ́ ní 1860 dí ọ̀nà etíkun mọ́ wọn, wọ́n ń ta ẹrù ilé kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Àìlera ni Anna bá kúrò ní Ìbàdàn ní 1869, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀lé e. A máa ń yìn wọ́n, ó sì tọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ni èmi máa ń rò ní tèmi, àwọn tí ará ilé wọn nà, tí wọ́n sì dè mọ́lẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ìyá tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ náà á ti sunkún.

Dáfídì Ọba kọ̀ láti gba ilẹ̀ ìpakà Arauna lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Ọlọ́run. Ẹsẹ yìí ni wọ́n sábà máa ń kà bí wọ́n bá fẹ́ gbowó ilé kíkọ́. Mo bẹ àwọn pásítọ̀ wa, kí wọ́n kà á fún wa lọ́jọ́ kan nítorí kóńgò, nítorí owó ẹ̀yìn, nítorí ọmọ tó ń gun ọ̀kadà.

Kóńgò tí mo rà lọ́jọ́ Ajé yẹn ṣì wà níwájú ìsọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó rajà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́wà,
Bódìjà, Ìbàdàn.