Eré Ọ̀dọ́langba: Àwa Ará Ìlọrin Ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé eré àwọn ọ̀dọ́langba orí tẹlifíṣọ̀n, pàápàá MTV Shuga, ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàìní òótọ́ nínú. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí ìyá àtọmọ ò lè jọ wò kí ẹnì kan má sọ pé òun ń lọ bu omi mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ yẹn ló ń fa àwọn ọmọ.

Dídàgbà tí àwọn ẹ̀dá inú eré náà ń dàgbà ló ń fà wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, ọmọ ilé-ìwé á ṣìṣe, á jìyà, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó parí. Nínú Shuga, ọ̀rọ̀ kì í tètè parí. Leila, tí Jemima Osunde ṣe, wọlé ní apá kẹrin. Nígbà tí apá kẹfà jáde ní 2018, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń wò ó ní SS 2 lè ti wọ Unilorin kó tó tún fojú kàn án. Wọ́n jọ ń dàgbà ni, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Eré ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Kẹ́ńyà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tòun ti òṣèré Lupita Nyong'o tí ayé ò tíì mọ̀ nígbà náà. Ó dé Èkó ní 2013. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ní 2020, àwọn òṣèré ń ya fídíò ara wọn nínú ilé, títí wọ́n fi ṣe 70 ìpín.

Ní ti pé ó ń ba ọmọ jẹ́: àwọn olùwádìí kan fi apá kẹta Shuga, tó ń sọ̀rọ̀ nípa HIV, han àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 25 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, àwọn tó wò ó tó ṣàyẹ̀wò HIV fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò wò ó. Ìwàásù wa mélòó ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. A ti rí ọmọ Èkó. Apá kẹfà mú òṣèré Rahama Sadau wọlé, a rí ti òkè Ọya. Àwa tí a wà láàárín ńkọ́? Ọmọbìnrin Ìlọrin tó ń ti ilé-ìwé bọ́ sí ilé-kéwú, tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà, tí bàbá rẹ̀ ń wá ọkọ fún un nígbà tí òun ń wá máàkì JAMB. Ọmọkùnrin Òmù-Àrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní Tánkẹ̀, ládùúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin, tí kò sẹ́ni tó máa bi í níbi tó sùn mọ́jú. Èmi ò tíì rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n kankan.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Kwara. Kí wọ́n ṣe eré tiwa, kí wọ́n mú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí láti JSS, kí wọ́n má fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi sìnrú ìlú tán. Yorùbá Ìlọrin gan-an ni kí wọ́n sì fi ṣe é o, kí wọ́n má lọ yí i sí ti Ìbàdàn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Gáà-Akáńbí, Ìlọrin.