Ìkòkò Òdòdó: Ẹ Má Wo Dídán Nìkan

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìkòkò òdòdó ti pọ̀ níwájú ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí nílùú Ilé-Ifẹ̀ báyìí, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ó ń ká mi lára pé ojú dídán ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan èyí tí a ó rà, bẹ́ẹ̀ bí amọ̀ ṣe jinná tó nínú iná ni ó ń sọ bí ìkòkò yóò ṣe pẹ́ tó.

Amọ̀ pupa tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Ìpetumodù, tí wọ́n ń fi igi àti koríko sun ní gbangba, kì í sábà gba ooru tó kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ihò tíntìntín máa ń ṣẹ́ kù lára rẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Ohun kan náà ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù. Irú amọ̀ mìíràn tó lè gba ooru púpọ̀, tí wọ́n sun nínú ààrò tó gbóná dé nǹkan bí 1,200 sí 1,300, a máa le bí òkúta, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí náà ó dára fún ohun ọ̀gbìn tó fẹ́ràn ọ̀rinrin, pàápàá nígbà ọyẹ́. Tánganran, ní tèmi, kí ó máa wà ní pálọ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, omi tó wọ inú amọ̀ a máa dì nígbà òtútù, a sì la ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá èyí tí kì í fa omi níbẹ̀. Omi kì í dì ní Ifẹ̀. Àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa fi tẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí, èyí tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo ló pàṣẹ rẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, amọ̀ tí a sun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé a ń ra ìkòkò ọbẹ̀ fún iṣẹ́ òdòdó. Ìdí rẹ̀ rí róbótó, kò lè dá dúró. Kò ní ihò, òjò á kún un, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹni tó bá wá fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí i lẹ́yìn tí ó ti jinná, sísán ni yóò sán. Ẹnu rẹ̀ tó sún kì pẹ̀lú kì í jẹ́ kí a lè fa igi òdòdó tó ti dàgbà yọ láìfọ́ ọ. Kí amọ̀ tó gbẹ ni kí a ti bẹ amọ̀kòkò pé kí ó ṣe ìdí pẹrẹsẹ, kí ó dá ihò sí i, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, kí ara rẹ̀ sì nípọn. Lọ́jọ́ tí a bá lọ gbà á, kí a fi ìka kàn án: èyí tó jinná a dún ketekete. Kí a tún fi ọwọ́ tútù ra ẹnu rẹ̀. Bí amọ̀ bá bá ọwọ́ wá, iná kò jó o tó, òjò ni yóò sì tú u ká.

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí Ìpetumodù kí ó bi àwọn ìyá náà ní iye tí wọn yóò gbà láti mọ irú ìkòkò yìí, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde kí àwọn ìjọ àti ilé-ìwé tó fẹ́ rà lè kà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkàwé yín láti Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀.