Póìǹtì òtẹ́ẹ̀lì: owó tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀ ni

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkúùgbà tí ojú ìwé ìrìnàjò yín bá mẹ́nu ba òtẹ́ẹ̀lì, iye owó yàrá la máa ń kà níbẹ̀: èló ni wọ́n ń gbà ní Ìkẹjà, èló ni wọ́n ń gbà ní Victoria Island, ta ló ti fowó kún owó láti ọdún tó kọjá. Ó wúlò. Àmọ́ apá kan wà nínú owó náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í béèrè, ìyẹn póìǹtì, àmì tí òtẹ́ẹ̀lì ń kà sí àkáǹtì ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà tó bá sùn, tí onítọ̀hún lè wá fi gba yàrá dípò owó lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni, bó wá kó wá, bí kò wá kó má wá. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Òtẹ́ẹ̀lì ti ro ó mọ́ owó yàrá kí wọ́n tó dá iye lé e. Ẹni tó sùn tí kò gba póìǹtì rẹ̀ ti bá ẹlòmíì san án.

Ètò Marriott Bonvoy, ìyẹn ẹgbẹ́ oníbàárà tí òtẹ́ẹ̀lì Marriott dá sílẹ̀ fún àwọn àlejò wọn, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé òun ló sún mọ́ àwa ará Èkó jù: Sheraton àti Marriott wà ní Ìkẹjà, Four Points wà ní Oniru, Protea náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Abuja ló ń lọ jù lè rí i pé Hilton Honors ló yẹ òun nítorí Transcorp Hilton, ẹni tó ń ná Kútọnu sì lè mú ti Accor nítorí Novotel àti ibis. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo: òru 12 níhìn-ín, òru 9 lọ́hùn-ún, kò ní dé ibi tó nítumọ̀ níbì kankan.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì ní ipò kankan (ìyẹn Silver, Gold tàbí Platinum, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá sun òru púpọ̀ lọ́dún) ń gba póìǹtì 10 lórí dọ́là 1 ní ọ̀pọ̀ jù lọ òtẹ́ẹ̀lì Marriott. Náírà lẹ máa san, àmọ́ wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kí wọ́n tó ka póìǹtì. Ká ní yàrá jẹ́ ₦300,000 lóru kan, kí owó-orí tó wọ̀ ọ́, tí dọ́là sì wà ní ₦1,500. $200 nìyẹn, póìǹtì 2,000. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, ₦300,000 kan náà ì bá mú póìǹtì bíi 6,500 wá. Ẹni tó kó tirẹ̀ jọ ṣáájú ìgbà yẹn jèrè, torí pé iye póìǹtì tí yàrá ń gbà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Dubai kò mọ̀ pé náírà ṣubú.

VAT 7.5% àti 5% tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí òtẹ́ẹ̀lì kì í mú póìǹtì wá. Oúnjẹ inú òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń mú un wá, tí ẹ bá ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ bíìlì yàrá yín. Tí ẹ bá san án lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó yà wọlé láti títì, ó ṣeé ṣe kó sọnù.

Ibi tó ti ń sọnù jù ni ọ̀nà tí a gbà gba yàrá. Yàrá tí ẹ gbà lórí Booking.com, Expedia tàbí Hotels.ng kì í mú póìǹtì yàrá wá, òru rẹ̀ kì í sì í wọ inú èyí tí wọ́n ń kà fún ipò. Orí áàpù tàbí wẹ́ẹ̀bù ẹgbẹ́ náà, orí fóònù wọn, tàbí níwájú àwọn tó ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì gan-an ló yẹ kí ẹ ti gbà á. Owó àdéhùn tí iléeṣẹ́ yín bá òtẹ́ẹ̀lì dúnàádúrà kò ní wàhálà. Èyí tó ní wàhálà ni yàrá tí ejẹ́ǹtì rà jọ tó wá so mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí báńkì kó èèyàn 40 lọ tí gbogbo owó wà lórí bíìlì kan ṣoṣo. Nínú irú èyí, ìfọṣọ àti oúnjẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín san nìkan ló kù fún yín.

Ṣé kí a wá sá fún ẹni tó tà á lówó pọ́ọ́kú ni? Rárá. Mo ka póìǹtì Bonvoy 1 sí 0.7 sẹ́ǹtì. Póìǹtì 10 lórí dọ́là jẹ́ 7% nígbà náà. Tí owó Booking.com bá fi ju 7% lọ dín sí ti òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ kò sì nílò òru náà fún ipò, ẹ gbà á níbẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, Marriott ní ìlérí kan: tí ẹ bá gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ wá rí yàrá kan náà, ọjọ́ kan náà, òfin ìfagilé kan náà, ní owó tó dín níbòmíì, tí ẹ sì fi tó wọn létí láàárín wákàtí 24, wọ́n á gbà á ní iye tó dín yẹn, wọ́n á tún yọ 25% tàbí kí wọ́n fún yín ní póìǹtì 5,000. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń fi yàrá tí kò ṣeé fagi lé wé èyí tó ṣeé fagi lé.

Orúkọ náà ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá láàárín àwa tí a ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin. Obìnrin tó ti ní àkáǹtì kó tó lọ́kọ, tó wá ń fi orúkọ ọkọ gba yàrá. Ọkùnrin tó jẹ́ Ọláwálé nínú páásípọ́ọ̀tù, tó fi Wálé ṣí àkáǹtì: èèyàn méjì ni kọ̀ǹpútà máa kà wọ́n sí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àkáǹtì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ẹgbẹ́ yín jáde fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ gba bíìlì tó to gbogbo owó náà lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe rìsíìtì POS nìkan. Tí ọjọ́ 10 bá kọjá tí póìǹtì kò wọlé, bíìlì yẹn lẹ máa fi bèèrè rẹ̀ lórí áàpù. Ẹni tó ti sọ ọ́ nù kò ní nǹkan tó máa fi jà.

Ní ti ìnáwó, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gba yàrá fún àwọn àlejò ìgbéyàwó lè gba póìǹtì lórí yàrá mẹ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ bá sùn nínú ọ̀kan, tó sì san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òru yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà fún ipò rẹ̀. Kí àlejò kẹrin àti ìkarùn-ún gbà á lórúkọ ara wọn. Èyí tí àwọn òbí kì í mọ̀ ni ti gbọ̀ngàn. Marriott ń fún ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní póìǹtì 2 lórí dọ́là 1, títí dé 60,000 lórí ìnáwó kan, ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó bá wà nínú ètò náà. Gbọ̀ngàn àti oúnjẹ ₦30 mílíọ̀nù ní ₦1,500 sí dọ́là jẹ́ $20,000, ìyẹn póìǹtì 40,000. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìnáwó yín yẹ fún un. Ẹni tó rántí lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àga, ó ti pẹ́ jù.

Níná póìǹtì ló le ju kíkó o jọ lọ. Láti oṣù Kẹta 2022 ni Marriott ti pa tábìlì tó ń dá iye póìǹtì lé òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tì, ojoojúmọ́ ni iye póìǹtì ń yí. Nítorí náà ẹ máa ṣírò nígbà gbogbo: ẹ mú gbogbo owó tí yàrá náà ì bá gbà, pẹ̀lú owó-orí, kí ẹ fi iye póìǹtì pín in. Ká ní yàrá ₦300,000 yẹn di ₦337,500 pẹ̀lú owó-orí méjèèjì, ìyẹn $225. Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú póìǹtì 30,000 wá, 0.75 sẹ́ǹtì ni póìǹtì kọ̀ọ̀kan rà. Ó dáa. Tí wọ́n bá ní 45,000, 0.5 ni, ẹ san owó kí ẹ fi póìǹtì pamọ́.

Òru márùn-ún ni póìǹtì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Tí ẹ bá fi póìǹtì gba òru 5 tẹ̀léra, Marriott kò ní gba póìǹtì òru tí iye rẹ̀ kéré jù: fún yàrá 30,000 yẹn, 120,000 dípò 150,000, póìǹtì kan wá ń ra bíi 0.94 sẹ́ǹtì. Hilton náà ń fi òru karùn-ún sílẹ̀, fún ẹni tó bá ní ipò Silver tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìwé gbígba yàrá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó gba òru 3, tó wá padà gba òru 2, òru 5 ló máa san. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, ẹ wò ó bóyá ẹ lè fagi lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi póìǹtì ra ọjà. Hilton ń gba póìǹtì 500 fún $1 lórí Amazon, 0.2 sẹ́ǹtì nìyẹn. Yíyí ti Marriott sí máìlì bàálù náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára: 60,000 ń di máìlì 25,000 ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Àfi tí máìlì díẹ̀ bá kù fún yín láti gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ku ipò, èyí tí wọ́n fi ń fa ojú wa mọ́ra. Ní Marriott, òru 10 ni Silver, 25 ni Gold, 50 ni Platinum, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá. Gold ń fi póìǹtì 25% kún un, ó sì lè jẹ́ kí ẹ kúrò ní aago méjì ọ̀sán tí àyè bá wà. Kò ní oúnjẹ àárọ̀ nínú. Platinum ló ní láúǹjì níbi tí láúǹjì bá wà, oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ ẹ̀tọ́, àyàfi ní òtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ àti ti àpérò ńlá. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu oúnjẹ náà: ohun tí Sheraton ń fúnni yàtọ̀ sí ti Four Points, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó. Yàrá tó ga ju èyí tí ẹ san owó rẹ̀ lọ kì í ṣe ẹ̀tọ́, àfi tó bá ṣófo. Hilton yàtọ̀: Gold tiwọn ń gba oúnjẹ àárọ̀ fún èèyàn méjì lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà.

Àṣìṣe tó ń kó owó lọ jù ni lílé ipò lóṣù Kejìlá. Ká ní ẹ ti sun òru 38, ó ku 12 sí Platinum. Ní ₦200,000 lóru kan, ₦2.4 mílíọ̀nù nìyẹn. Póìǹtì tó máa padà wá fún Gold jẹ́ 20,000, bíi $140, ₦210,000. Tí oúnjẹ àárọ̀ bá jẹ́ ₦25,000, tí ẹ̀yin nìkan ń rìn, tí ẹ ó sì sun òru 20 lọ́dún tó ń bọ̀, ₦500,000 lẹ máa jẹ padà. Ó ṣì ku nǹkan bíi ₦1.7 mílíọ̀nù tí kò síbi tó ti máa padà. Tó bá jẹ́ pé òru méjì péré ló kù, ẹ lọ sùn. Òru tí ẹ fi póìǹtì gbà náà wọ inú kíkà, ẹ lè fi ìyẹn dí i.

Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀n ní ọ̀nà tó rọrùn. Káàdì Platinum ti American Express ń fúnni ní Gold Hilton àti Gold Marriott láìsun òru kan, káàdì Premier ti IHG (ẹgbẹ́ tó ni Holiday Inn) ní Amẹ́ríkà sì ń fúnni ní Platinum IHG. Ẹni tó ní káàdì nìkan ni ipò náà wà fún. Tí ọmọ bá san owó yàrá fún bàbá rẹ̀ ní Ìkẹjà, ọmọ kò gba póìǹtì, torí pé kò sùn níbẹ̀. Kí bàbá ní àkáǹtì tirẹ̀. Ọmọ lè fi póìǹtì tirẹ̀ gba yàrá fún bàbá, àmọ́ kó rí i pé orúkọ bàbá wà lórí ìwé gbígba yàrá kí bàbá tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́. Marriott tún gbà kí èèyàn fi póìǹtì 100,000 ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lọ́dún kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ra póìǹtì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp: òfin àwọn ètò yìí kà á léèwọ̀, wọ́n sì lè ti àkáǹtì pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Póìǹtì Marriott àti Hilton máa ń kú lẹ́yìn oṣù 24 tí nǹkan kan kò wọlé tàbí jáde. Ti IHG, fún ẹni tí kò ní ipò, oṣù 12 ni.

Olóòtú, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Nígbà tí ojú ìwé ìrìnàjò yín bá tún tẹ iye owó yàrá jáde, ẹ jẹ́ kó jẹ́ iye orí wẹ́ẹ̀bù òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú owó-orí, kí ẹ sì kọ iye póìǹtì tí yàrá náà ń gbà lọ́jọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà kan péré ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Ìkẹjà, Èkó.