Ṣáàfù kì í ṣàdédé já

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọkọ̀ elérò tí ṣáàfù rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, “ṣàdédé” já lójú títì. Ẹ jọ̀ọ́, n kò gba “ṣàdédé” yẹn. Ó ti ń kú lọ tipẹ́ kó tó já.

Ẹ wo ojú ibi tó já. Ẹ ó rí apá kan tó dán, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bí ipa omi létí òkun: ibẹ̀ ni sísán ti ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀. Apá tó rí gbágungbàgun nìkan ló já lọ́jọ́ náà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin tẹ́lẹ̀, tàbí ibi tó ti dípẹtà, ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹrù lè má pọ̀ jù o. Lemọ́lemọ́ ẹrù náà ló ń pa irin.

Irú ikú yìí náà ló mú kí ọkọ̀ òfuurufú Comet ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì já lójú òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì ní 1954. Láti wádìí rẹ̀, wọ́n ri irú ọkọ̀ náà kan sínú omi ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi omi tì í láti inú, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, léraléra, títí ara rẹ̀ fi ya.

Àwọn awakọ̀ á ní, “Ṣáà bá mi jó o, á gbé mi délé.” Èmi náà ti jó o rí, kí n má purọ́. Ní báyìí, kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ ń fi pa ṣáàfù. Màá nù ún gbẹ, màá fi ẹfun kùn ún. Bó bá ti sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ á yọ ìlà sórí ẹfun.

Èmi ni tiyín,
Jórinjórin kan, Ògbómọ̀ṣọ́