Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ṣeé fà tẹ̀lé mọ́tò-ilé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń fi mọ́tò-ilé rìnrìn àjò, mọ́tò ńlá tí bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì wà nínú ẹ̀ yẹn, tí wọ́n fẹ́ fa mọ́tò kékeré tẹ̀lé e pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o! Ọ̀pọ̀ mọ́tò ọtomátíìkì, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ọ́ìlì ń yí kiri inú jíà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá pa ẹ́ńjìnnì tí táyà ṣì ń yí, jíà á gbóná, á sì bàjẹ́, owó ńlá sì nìyẹn. Jeep Wrangler ṣeé fà torí ẹ lè fi transfer case ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn, sí neutral, kí táyà tó ń yí má bàa máa yí jíà, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà náà ṣeé fà, àmọ́ ìwé tó bá mọ́tò yẹn wá ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, torí tọdún yìí lè ṣeé fà kí tèṣí má ṣeé fà. Ẹ wo bí mọ́tò kékeré yẹn ṣe wúwo tó náà. Búrékì ló ń ká mi lára jù: ẹ fi búrékì àfikún sínú mọ́tò kékeré yẹn, torí tó bá wúwo tó sì ń ti mọ́tò ńlá látẹ̀yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀ẹ́ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dúró.

Èmi òǹkàwé yín