Ọmọ kọ òótọ́, wọ́n fi íńkì pupa fagi lé e

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi láti Fúráìdè tí ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ti gbé ìwé ìdánwò ẹ̀ wálé ní Kubwa ńbí. Wọ́n ní kó dárúkọ nǹkan tí iná mànàmáná ò lè gbà kọjá, ó kọ igi gbígbẹ, ó kọ gíláàsì, ó wá kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ike náà wà níbẹ̀ àmọ́ àwọn ike kan wà tí iná ń gbà kọjá. Wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ "ta ló kọ́ ẹ?" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Wuse. Mo lọ sí ilé ìwé ẹ̀ ní Mọ́ńdè, tíṣà ní ohun tó wà nínú síláàbọ́ọ̀sì lòun ń fún ní máàkì. Mi ò bá tíṣà jà. Àwọn ọ̀gá tó ń kọ síláàbọ́ọ̀sì yẹn ni mò ń bá wí, wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì tí éásì ń fẹ́ sí wọn lára, fóònù olówó ńlá lọ́wọ́, wọn ò sì mọ̀ pé ohun tó ń tàn lójú ẹ̀, mọ̀lẹ́bí ike ni!

Ṣebí láti 1977 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Shirakawa ará Jàpáàn, MacDiarmid àti Heeger, ti fi áyódínì sí ike kan tó ń jẹ́ polyacetylene, tí agbára tó fi ń gba iná kọjá sì lọ sókè ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2000. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń bímọ báyìí, ọmọ tèmi kọ òótọ́ kan náà, wọ́n fagi lé e!

Tang àti Van Slyke ti fi èròjà oníkábọ̀nù tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ike yẹn ṣe iná tó ń tàn ní iléeṣẹ́ Kodak ní 1987, òun la wá ń pè ní OLED, tó ń tàn lójú fóònù olówó ńlá. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kẹ́ ẹ wò ó. LCD, ìyẹn irú ojú fóònù kejì, nílò iná lẹ́yìn, OLED ò nílò ẹ̀, fúnra ẹ̀ ló ń tàn. Tó bá ti sán, ẹ ó rí àmì dúdú kékeré bí ìgbà tí íńkì kán sí bébà, tó bá dọ̀la á ti fẹ̀ sí i, torí atẹ́gùn àti omi inú ẹ̀ tó ráyè wọlé ló ń pa èròjà yẹn. Kọ́sítọ́mà á ní èmi ni mo bà á jẹ́.

Ojú fóònù tó ti bàjẹ́ kún àpò ìrẹsì méjì lábẹ́ tábìlì mi. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan wá gba OLED kan àti LCD kan tó ṣì ń tàn díẹ̀ lọ́wọ́ àwa tá à ń tún fóònù ṣe, kí wọ́n tàn wọ́n nínú òkùnkùn káwọn ọmọ fojú ara wọn rí ìyàtọ̀, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú OLED tó sán kó má gé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n wá máa fi rúlà wọn bí àmì dúdú yẹn ṣe fẹ̀ tó láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́bọ̀ ò ní jáde. Èmi á fi ogún sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí wọ́n tún síláàbọ́ọ̀sì ṣe, kí wọ́n ra èròjà sí láàbù àwọn yunifásítì wa. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n dá máàkì méjì ọmọ mi padà.

Bàbá Ìbejì,
Kubwa, Abuja.