Ìbọn ìrántí kì í ṣe ilẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti ìlú Ọ̀yọ́, ẹni tó gba àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà níyànjú pé kí wọ́n máa ra àwọn ráífù tí ilé iṣẹ́ Winchester ṣe ní ìrántí àwọn èèyàn ńlá àti àwọn ayẹyẹ, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, owó wọn yóò máa gòkè bí owó ilẹ̀ ẹ̀bá títì. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, torí pé àbúrò mi kan tó ń gbé ní Texas ti fi irú rẹ̀ lọ̀ mí rí, tí mo sì fara balẹ̀ wádìí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ náà ṣe èyí tí wọ́n fi sàmì ayẹyẹ ọdún 75 ìpínlẹ̀ Wyoming, ọdún kan náà tí olóògbé Samuel Ladoke Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbọn 1,500 péré ni wọ́n ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ọjà ń yá, ti ọgọ́rùn-ún ọdún Winchester fúnra rẹ̀ lọ́dún 1966 lé ní 100,000. Ti Buffalo Bill, gbajúmọ̀ ọdẹ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, lọ́dún 1968 lé ní 112,000. Ti òṣèré John Wayne lọ́dún 1981 sì tó nǹkan bí 50,000. Ìbọn tí ọdẹ ń gbé wọ igbó a máa gbó, a máa sọnù, iye rẹ̀ a sì máa dín kù láyé. Àwọn wọ̀nyí kì í dín kù, nítorí pé ẹni tó rà wọ́n kò jẹ́ yìn wọ́n. Inú páálí ni wọ́n wà, tí oníkálùkù ń retí ọjọ́ tí tẹnìkejì yóò bàjẹ́. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín, kí ẹ ka iye ife àti abọ́ tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí, tí wọ́n pín níbi òkú. Ta ni yóò rà wọ́n lọ́wọ́ ìyá yín?

Ìdààmú tó wà nínú títọ́jú rẹ̀ tún burú jù. Irin abẹ́ ìbọn náà, tí wọ́n ń fà sísàlẹ̀ kí ọta tó lè wọlé, a máa fi ilà tín-ín-rín sílẹ̀ níbi tí irin ti ń ha irin, àwọn tí ń kó ìbọn jọ a sì máa wá ilà náà lójú méjèèjì, débi pé ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi han àlejò ti jẹ nínú owó rẹ̀ ná. Páálí gbọ́dọ̀ wà, ìwé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Bẹ́ẹ̀, páálí yìí kan náà ló ń fa ọ̀rinrin mọ́ra tí ìbọn fi ń dípẹtà.

Èyí tí àwọn tó mọ̀ ń wá kiri ni ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún ìrántí. Wọ́n ń fẹ́ Model 94, ráífù Winchester tí àwọn ọdẹ ń lò, tí wọ́n ṣe kí ọdún 1964 tó dé, kí ilé iṣẹ́ náà tó yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà láti dín ìnáwó kù. Wọ́n ń fi owó gọbọi wá Model 1873 tí wọ́n pè ní One of One Thousand, tí kò tó 150, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí pé ọta rẹ̀ kì í tàsé.

Ó dùn mí pé ní ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó yìí, àwọn kan ń ta ṣakabùlà bàbá wọn, tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò fi ọwọ́ rọ, fún àwọn tí ń fi ọmọlanke ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. (Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní kí ẹni tó bá ní ìbọn gba ìwé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá kò yọ sílẹ̀, nítorí náà n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ sí àjà.)

Ní ti àbúrò mi, mo ní bó bá jẹ́ èrè ló ń wá, kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé nítorí sinimá John Wayne tí a jọ ń wò nígbà èwe ni, kó rà á, kó sì máa yìn ín. Ó rà á. Oṣù tó kọjá ló pè mí pé òun ti yìn ín, ṣùgbọ́n pé irú ọta tó ń jẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní .32-40, ti wọ́n gógó.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́.